Orúkọ bàbá yín kò ní bá yín wọ ọkọ̀ òfuurufú

Àbúrò mi kan kọ̀wé sí mi pé òun ti gba ìwé ìwọlé sí yunifásítì ní Ìlú Ọba, pé kí n ṣáà ti sọ fún ọ̀gá mi pé ọmọ ilé ńlá ni òun, kí iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ kí òun tó dé. Mo fẹ́ràn ọmọ yìí dọ́kàn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti ń di ẹrù yín.

Ọ̀gá mi kò mọ ilé ńlá kankan. Ohun tí yóò bi yín ni irú físà tí ẹ mú dání àti iye wákàtí tí òfin gbà yín láàyè láti ṣiṣẹ́. Ẹni tó wá kàwé gboyè kò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, àti pé láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú aya tàbí ọkọ àti ọmọ wá mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ilẹ̀ láti san ìdajì owó ilé-ìwé, tí ẹ ní iṣẹ́ ni yóò san ìyókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìṣirò náà ṣe kí ẹni tó fẹ́ rà á tó kówó dé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé bí ọ̀nà bá là fún wa níhìn-ín, àwọn ará ilé á ní orí ló bá wa ṣe é, tàbí pé bàbá wa lówó nígbà kan. Kò sí ẹni tó ń dárúkọ òru. Nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti bẹ̀rẹ̀, à ń yí bàbá àgbàlagbà padà lórí ibùsùn ní wákàtí méjì-méjì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí n tó bọ́ ìbọ̀wọ́, kí n sì ṣí ìwé mi lábẹ́ iná ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi àti ọmọ kọmíṣọ́nnà kan la jọ bẹ̀rẹ̀. Bí lẹ́tà bá ti dé láti ọ̀dọ̀ onílé, bàbá rẹ̀ ni yóò pè, bàbá ọ̀hún á pe àwọn èèyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò dé ibi tí wọ́n ti kọ lẹ́tà náà. Ó padà sílé. Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ń bá èèyàn fọṣọ, tó ń kàwé nínú bọ́ọ̀sì lálọ lábọ̀, ti di nọ́ọ̀sì. N kò sọ pé owó kò wúlò o. Ó máa ń gbé èèyàn kọjá oṣù àkọ́kọ́. Ìpinnu ẹni ló ku ẹ̀yìn ìyẹn.

Ẹ wo Hakeem Olajuwon, ọmọ Nàìjíríà tó di ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n (basketball) ní Amẹ́ríkà. Àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ǹtì ni. Nígbà tó dé Houston ní Amẹ́ríkà ní 1980 láti lọ sí yunifásítì, kò sí ẹni tó wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní kó wọ takisí máa bọ̀. Kò gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì náà ní sáà àkọ́kọ́, síbẹ̀ kò dẹ́kun ìdánrawò, nígbà ìsinmi sì rèé, ó ń lọ bá Moses Malone, tó ti di ìràwọ̀ eré náà, figẹ̀ wọngẹ̀. Ní 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tó fẹ́ wọ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti Amẹ́ríkà. Ẹ lè ní ó ga ni. Àwọn tó ga pọ̀ tí wọn kò débẹ̀.

N óò bá yín ka fọ́ọ̀mù yín, n óò sì fi bí wọ́n ṣe ń wá yàrá hàn yín, ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹnikẹ́ni tọrọ iṣẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ óò máa ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tí ẹ kò tíì ríṣẹ́, tí owó sì ń tán lọ, ránṣẹ́ sí mi. Ìyẹn ni n óò kọ́kọ́ kà, kí n tó wo ìwé ìwọlé yín.