Kí Ni Wọ́n Fi Rẹ Àgbo Yẹn?

Lọ́jọ́ tí aboyún bá forúkọ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì á bi í pé, "Ṣé ẹ máa ń mutí?" Ìyá á ní, "Rárá o, mi ò mutí rí." Òótọ́ ló ń sọ, bó ṣe yé e. Ṣùgbọ́n ògógóró ni wọ́n fi rẹ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó ń rà lọ́jà, ẹnikẹ́ni ò sì bi í léèrè ìyẹn.

A fẹ́ kí wọ́n yí ìbéèrè yìí padà ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́dé, láti Ìlọrin dé Ọ̀fà dé Omù-Àrán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ògógóró bá le tó 40 nínú 100, ife àgbo kékeré 50 ml lè ní 20 ml ògidì ọtí nínú. Ìgò bíà 33 cl tó jẹ́ 5 nínú 100 kò ju 16.5 ml lọ. Ẹni tó ń mu àgbo yìí láàárọ̀ àti lálẹ́ ti mu ju ìgò bíà méjì lọ lójúmọ́.

Ọtí yẹn ń gba ara ibi ọmọ (olóbi) wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ẹ̀dọ̀ ọmọ kò sì tíì lágbára láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Egungun ọmọ máa ń kọ́kọ́ rọ̀ bí etí. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ keje sí ìkẹjọ ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í le, kí ọ̀pọ̀ ìyá tó dé ilé ìwòsàn rárá. Ọtí ń ṣèdíwọ́ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ egungun. Nínú eku tí wọ́n fún lọ́tí nígbà oyún, egungun ọmọ wọn pẹ́ kó tó le, ó sì kúrú. Ọmọ ènìyàn tí ọtí ṣe ní jàǹbá nínú oyún lè kúrú, egungun ojú rẹ̀ lè má dàgbà bó ṣe yẹ. Àwọn mìíràn kò lè yí àtẹ́lẹwọ́ sókè gba oúnjẹ, nítorí egungun méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ ìgúnpá ti lẹ̀ mọ́ra.

Ẹni tó ti mu àgbo ọlọ́tí yìí kó tó mọ̀ pé òun lóyún, kó dá a dúró lónìí, kó sì sọ fún nọ́ọ̀sì. Oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn ni èyí tó pọ̀ jù nínú kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, ń wọ egungun ọmọ, nítorí náà kò tíì pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mutí gan-an lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀. Dókítà ni kó bójú tó o, nítorí gbígbọ̀n àti gìrì lè tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè tí a fẹ́ rèé: "Àgbo wo lẹ ń mu, kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ife mélòó lójúmọ́?" Kí nọ́ọ̀sì béèrè rẹ̀ láì bá ìyá wí, kó kọ ìdáhùn sí káàdì rẹ̀, kó sì tún un bi í nígbà gbogbo tó bá wá. Kí ìjọba ìbílẹ̀ sì pe àwọn alágbo jọ, kí wọ́n máa sọ fún aboyún kí wọ́n tó bu àgbo fún un pé ọtí wà nínú rẹ̀.