Lumumba la mọ̀ ọ́n sí

Inú mi dùn sí ìròyìn yín pé wọ́n dá orúkọ Patrice Lumumba, olórí ìjọba àkọ́kọ́ ní Kóńgò lẹ́yìn òmìnira, padà sára yunifásítì wa ní Mọsko lọ́dún 2023. Ọdún 1961 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ọ́, kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n pa ọkùnrin náà, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lọ́dún 1992. Àwa tí a kàwé níbẹ̀ láyé ìjọba Soviet, Lumumba lásán la máa ń pè é.

Odidi ọdún kan la kọ́kọ́ fi kọ́ èdè Rọ́ṣíà ká tó fojú kan iṣẹ́ tó gbé wa lọ. Ọmọ Vietnam àti ọmọ Peru la jọ wà ní yàrá. Rọ́ṣíà jákujàku la fi ń jà, òun náà la fi ń parí ìjà. Kopeck 5 péré, owó ẹyọ Rọ́ṣíà, lowó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ nígbà náà: o ju owó irin náà sẹ́nu ẹ̀rọ, o wọlé, o sì lè máa yí ìlú po títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí òtútù bá ti le, inú rẹ̀ ni mo ti ń kàwé (ẹ má sọ fún olùkọ́ mi o).

Mi ò bá àwọn tó sọ pé owó nìkan ló yẹ kí ọmọ wá lọ sókè òkun jiyàn púpọ̀, ayé ti le. Àmọ́ àánú máa ń ṣe mí bí mo bá rí ọ̀dọ́ tó ń ti kíláàsì sáré lọ síbi iṣẹ́, tí kò mọ orúkọ ẹni tó wà ní yàrá kejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ráyè ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ jàre, iṣẹ́ ò ní sá lọ.