“Ipò kìíní ló gbà”: lóko ta ni?

Ní Kétu níbí, ẹ ò ní débi tí wọ́n ti ń ta irúgbìn àgbàdo kí wọ́n má sọ fún yín pé, “Èyí ló gba ipò kìíní, òun ni kí ẹ gbìn.” Ẹ̀gbọ́n mi gbà wọ́n gbọ́ lọ́dún tó kọjá, ni wọ́n bá gbé irúgbìn ọ̀hún lọ sóko wọn ní Sábẹ̀. Òjò dá lásìkò tí àgbàdo ń yọ irun, kò sì sí ìgbà tí ọ̀dá burú fún àgbàdo tó ìgbà yẹn. Nígbà tí a bó ṣúkù kan wò, hóró ara rẹ̀ kò tó ogójì. Ìyókù dà bí erìgì arúgbó.

Ẹni tó tà á kò purọ́ o. Ìpíndọ́gba oko púpọ̀ ló fún irúgbìn náà nípò kìíní. Ẹ jẹ́ ká fi àpèjúwe kan wò ó (èmi ni mo ro iye rẹ̀). Lórí hẹ́kítà kan, irúgbìn Pupa so àpò 42 ní ilẹ̀ ọlọ́ràá, 22 ní ilẹ̀ agbede-méjì, 5 níbi tí òjò ti wọ́n. Funfun so 26, 21 àti 16. Ìpíndọ́gba Pupa jẹ́ 23, ti Funfun 21. Pupa ló borí. Ẹ wá lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń jẹ àpò 5!

Lọ́dún 1963, àwọn onímọ̀ irúgbìn méjì, Finlay àti Wilkinson, fi ọkà báálì wá ojútùú sí i ní Ọsirélíà. Ìpíndọ́gba gbogbo irúgbìn tó wà lóko kan ni wọ́n fi díwọ̀n bí oko náà ti dára tó. Ká ní ti àwọn oko wa jẹ́ 30, 20 àti 10. Láti oko tó burú jù dé èyí tó dára jù, àpò 20 ló lé. Pupa fi 37 lé: ẹ pín 37 sí ọ̀nà 20, oòkà tirẹ̀ jẹ́ 1.85. Funfun fi 10 péré lé: 0.5. Irúgbìn tó bá ń bá ẹgbẹ́ rìn yóò wà nítòsí 1.

Àwọn kan gbọ́ èyí tán, wọ́n ní kí a máa wá oòkà tó kéré jù. Rárá o! Irúgbìn tó ń so àpò 4 níbi gbogbo, òdo ni tirẹ̀, kì í yẹ̀, ọ̀lẹ ni. Ìpíndọ́gba àti oòkà yìí la gbọ́dọ̀ jọ wò. Lọ́dún 1966, Eberhart àti Russell tún fi ìkẹta kún un: bí a bá fa ìlà kan tó fi hàn bí èso irúgbìn náà ṣe ń lé láti oko tó burú dé èyí tó dára, báwo ni èso rẹ̀ gan-an ṣe ń yà kúrò lójú ìlà náà tó?

Lọ́dún yìí, ẹ̀gbọ́n mi bi ọmọ tó ń ta irúgbìn léèrè pé mélòó ló so níbi tó ti burú jù. Ó ní ẹnikẹ́ni ò bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Ó tẹ̀ ba, ó fa ìwé kan tí eruku ti bò yọ lábẹ́ àpò.