Ẹ bá wa gba ọsàn lọ́wọ́ àpò

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, a dúró ti màmá ọlọ́sàn kan nínú ọjà ní Àkúrẹ́ níbí, ó ń tú àpò tí lọ́rí já sílẹ̀ láti ọ̀nà Ìdànrè. Àwọn tòkè dáa, wọ́n ń dán. Nígbà tọ́wọ́ màmá dé àárín àpò, omi ti ń ro níbẹ̀, ó fa ọ̀kan jáde tí nkan funfun ti bo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àárín funfun yẹn ti di àwọ̀ ewé, bó sì ṣe fọwọ́ kàn án báyìí ló gbọ̀n bí eruku sára àwọn tó kù. Màmá ò tiẹ̀ bínú. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, tí mo bá ti ń ra ọjà ni mo ti ń yọ ti ààtàn sọ́tọ̀ nínú owó mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn wá jù. Irọ́ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kó rí.

Orí igi ni nkan ti ń bàjẹ́. Àwọn tó ń ká ọsàn á gbọn igi, á máa já lulẹ̀ gbì gbì, tàbí kí wọ́n fà á tu tí ibi tó ti so mọ́ ẹ̀ka á ya, ẹ ò sì ní ka ojú ọgbẹ́ kékeré yẹn sí. Èbu tó wà lọ́wọ́ màmá yẹn, tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní Penicillium digitatum, ojú ọgbẹ́ ló ń gbà wọlé, ó sì lè tó ọjọ́ 3 sí 4 kó tó fojú hàn, ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi máa búra pé dáadáa lòun tà á, kò sì parọ́. Sísọ́ọ̀sì lásán ni wọ́n nílò o, kí wọ́n fi gé e kó ku igi bíńtín lórí ẹ̀. Kí wọ́n sì jẹ́ kí ìrì gbẹ kí wọ́n tó ká a, torí tí èèpo bá rin, títẹ̀ díẹ̀ báyìí òróró ara ẹ̀ á bẹ́, á jó èèpo yẹn lápá lápá. Ọsàn ò sì dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ o, tẹ́ ẹ bá ká a ní kíkan, kò ní pọ́n nínú àpò. (Ẹ má fi àwọ̀ ewé ara ẹ̀ dájọ́ ṣá, ilẹ̀ wa ló gbóná, ẹ tọ́ ọ wò.)

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan àpò. Èyí tó wà nísàlẹ̀ á fọ́, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé, ooru á mú, àwọn lébìrà á tún jókòó lé e.

Ohun tá a fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó àtàwọn lọ́kà gọ́fáńmẹ́ǹtì ṣe ò le. Kí wọ́n mú nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn màmá wọ̀nyí ń san, kí wọ́n fi kọ́ ibi tó ní òrùlé àti omi tí wọ́n á ti máa ṣa ọsàn, kí wọ́n ra kíréètì oníke tó ní ihò lára, kí àgbẹ̀ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ kó yá a, kó gbowó ẹ̀ tó bá dá a padà. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, ti wà ní Àkúrẹ́ níbí láti 1981, wọ́n ní àwọn tó mọ̀ nípa irè oko àti oúnjẹ, kí wọ́n pè wọ́n kí wọ́n wá kọ́ àwọn tó ń ká ọsàn nínú oko gan-an.

A mọ̀ pé àwọn awakọ̀ á ní kíréètì ń gbàyè ju àpò lọ. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọsàn tó jẹrà náà gbàyè nínú ọkọ̀, màmá sì sanwó ẹ̀. Àwọn míì á ní fáktírì júùsì ló kù, a ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n fáktírì wo ló fẹ́ ra ọsàn tó ti bu?

Kí wọ́n fi ọjà kan péré bẹ̀rẹ̀, kí ọyẹ́ tó dé, torí Sátidé tó ń bọ̀ yìí lọ́rí míì tún máa já àpò sílẹ̀ fún màmá yẹn.