Ẹ Yé Fi One Piece Kí Àlejò Káàbọ̀ Sínú Anime

Èrò ọkàn mi rèé, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú: àwa tá a fẹ́ràn anime jù lọ là ń lé àwọn ẹni tuntun sá. Ẹnì kan á ní òun fẹ́ mọ eré àwòrán àwọn ará Jàpáànù tí gbogbo ayé ń sọ, a ó ní kó lọ wo One Piece. Eré tó ti ń jáde láti oṣù kẹwàá ọdún 1999, tí apá rẹ̀ ti lé ní 1,100! Apá kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 24. Ẹ ṣírò ó: ó lé ní ọjọ́ 18, tọ̀sán-tòru, láìsùn láìjẹun. Eré náà dáa o. Àmọ́ ẹni tí kò tíì tọ́ ọbẹ̀ wò là ń gbé odidi ìkòkò kà níwájú.

Fíìmù kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fún un. Lójú tèmi, Spirited Away ni. Hayao Miyazaki ló darí rẹ̀ ní Studio Ghibli, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù anime, ó jáde lọ́dún 2001, ó sì gba Oscar lọ́dún 2003. Wákàtí méjì lé díẹ̀, ó parí. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 10 kan ń bá bàbá àti ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò; àwọn òbí rí oúnjẹ tí kò sí olóhun nídìí rẹ̀, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì di ẹlẹ́dẹ̀. (Ta ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n máa ṣàlàyé ìyẹn fún?) Ọmọ náà wá di òṣìṣẹ́ nílé ìwẹ̀ tí àwọn òòṣà àti iwin ti ń wẹ̀, kó lè rí àwọn òbí rẹ̀ gbà padà.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí Ghibli ṣe kọ́ ni ti ọmọdé. Grave of the Fireflies tí Isao Takahata darí, ọjọ́ kan náà ló jáde pẹ̀lú My Neighbor Totoro lọ́dún 1988. Totoro, ọmọ ọdún mẹ́rin lè wò ó. Èkejì, ọmọ ìyá méjì ni ogun gba òbí lọ́wọ́ wọn, tí ebi ń pa wọ́n. Àgbàlagbà gan-an kì í fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn fíìmù, eré tó lópin ló kàn. Apá 37 ni Death Note, ó sì parí pátápátá: akẹ́kọ̀ọ́ kan he ìwé, ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ á kú. Tí ìyẹn bá wọ àlejò yín lára, kó bọ́ sí Fullmetal Alchemist: Brotherhood, apá 64. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà, torí Fullmetal méjì ló wà. Ti ọdún 2003 ní apá 51. Nígbà náà, Hiromu Arakawa kò tíì kọ ìwé ìtàn tí wọ́n ti mú eré náà jáde tán, ni àwọn tó ń ṣe eré bá dá ìparí tiwọn hun. Ti ọdún 2009, èyí tó ní Brotherhood lórúkọ, ló tẹ̀ lé ìwé náà dópin.

Ìwé tí kò tíì tán yìí náà ló bí ohun tá à ń pè ní filler. Inú manga, ìwé ìtàn alàwòrán, ni ọ̀pọ̀ anime ti jáde. Tí orí ìwé kan bá ń jáde lọ́sẹ̀, tí apá eré kan sì ń jẹ orí méjì, eré á lé ìwé bá. Tẹlifíṣọ̀n kì í fẹ́ dúró, ni wọ́n á bá máa hun ìtàn tí kò sí nínú ìwé. Ẹ wo Naruto: nínú apá 220 rẹ̀, láti 143 dé 219, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ filler látòkèdélẹ̀. Ẹ fò ó, ẹ wo 220, kẹ́ ẹ bọ́ sí Shippuden, ìyẹn eré tó tẹ̀ lé e. Lóde òní, ọ̀pọ̀ eré máa ń jáde ní apá 12 tàbí 13, wọ́n á sinmi, kí wọ́n tó padà. Nítorí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó má lọ jẹ́ sáà kejì lẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí wọn kì í kọ nọ́ńbà sí i nígbà mìíràn, orúkọ ni wọ́n ń yí.

Ẹni tuntun á tún ní, “Àwòrán yìí kì í mira, ẹnu nìkan ló ń lọ.” Òótọ́ ni, ó sì nídìí. Fíìmù máa ń fi àwòrán 24 hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ayàwòrán Osamu Tezuka gbé eré rẹ̀, Astro Boy, dé orí tẹlifíṣọ̀n ní January 1, 1963, kò sí owó, kò sí àkókò láti ya gbogbo ìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwòrán kan ni wọ́n ń fi dípò mẹ́ta, ìyẹn mẹ́jọ péré. Ara á dúró, ẹnu àti ojú á máa rìn. Èyí tí wọ́n bá sì ti yà, wọ́n á tún un lò. Ọgbọ́n yẹn ṣì wà nílẹ̀. Níbi ọ̀rọ̀ sísọ, wọ́n á ṣọ́wó ná; níbi ìjà, wọ́n á tú u dà.

Ní ti èdè, ohùn Jàpáànù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ ni mo fara mọ́. Ẹni tí kì í lè kàwé yára kó fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì wò ó, kò dẹ́ṣẹ̀. Àmọ́ lórí Netflix, tẹ́ ẹ bá fi ohùn Jàpáànù sí i, ẹ yan “English” lásán, ẹ fi èyí tó ní CC sílẹ̀: ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ìyẹn, kì í bá ohun tí ẹ̀ ń gbọ́ mu. Orin ìbẹ̀rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ, ẹ lè fò ó. Ti ìparí, ẹ ní sùúrù, torí wọ́n máa ń fi ìran kékeré pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Tí Netflix bá fẹ́ sáré gbé yín lọ sí apá tó kàn, ẹ tẹ “Watch Credits”.