Ìdí tí àwòrán Giger fi ń bani lẹ́rù

Bí a bá gbé Necronom IV, àwòrán tí H.R. Giger ará Swítsàlandì yà ní ọdún 1976, síwájú ènìyàn, eyín àti orí gbọọrọ ẹ̀dá inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ní tèmi, ìfarabalẹ̀ ẹ̀dá náà ló ń já mi láyà jù.

Ẹ̀gbẹ́ ni a ti ń wò ó. Orí rẹ̀ nà sẹ́yìn, ojú rẹ̀ tóbi ó sì dúdú, egungun àti páìpù sì wọnú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ ibi tí ẹran-ara parí sí àti ibi tí irin ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń sá níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń ké. Ẹ̀dá náà kò kọjú sí wa. Ńṣe ni ó wà láàyè ara rẹ̀ bí ẹ̀rọ tí ẹnì kan tàn sílẹ̀ tí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí ń lépa ènìyàn ṣì ka ènìyàn sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n èyí kò mọ̀ pé a wà.

Bí Giger ṣe yà á dá kún ẹ̀rù náà. Ẹ̀rọ tí ń fi atẹ́gùn fín ọ̀dà ni Giger ń lò nígbà náà, nítorí náà ojú àwòrán ń dán láìsí ipa búrọ́ọ̀ṣì, bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn kò kàn án rí. Ó sì ti kọ́ iṣẹ́ yíya ilé àti yíya ohun èlò ilé-iṣẹ́ ní Zürich, èyí tí mo gbà pé ó mú kí àwọn páìpù náà dà bí ohun tí ó lè ṣiṣẹ́ ní tòótọ́.

Àwọn kan ní ẹni tí ó ya irú èyí ti bá ẹ̀mí òkùnkùn mulẹ̀ (mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju bí ó ti yẹ lọ). Giger fúnra rẹ̀ sọ pé àlá burúkú ń dà á láàmú, pé yíyà á sílẹ̀ sì ń fún òun ní ìtura.

Inú àwòrán yìí ni wọ́n ti mú ẹ̀dá tí ń pa ènìyàn nínú fíìmù Alien ti ọdún 1979 jáde. Wọ́n yọ ojú rẹ̀ kúrò, ọgbọ́n gidi sì ni, àmọ́ wọ́n sọ ọ́ di ọdẹ. Nínú fíìmù, a mọ ohun tí ó ń wá, a sì lè sá fún un. Nínú àwòrán, bí mo ti ń wò ó tó, n kò rí ohun tí ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.