Àtúnṣe: Mario Lemieux kò gba ife Stanley lọ́dún tí jẹjẹrẹ bá a jà

Ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín kiri sọ pé Mario Lemieux, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká eléré họ́kì orí yìnyín ti Pittsburgh Penguins, borí jẹjẹrẹ, ó sì gba ife Stanley, ife tí ẹgbẹ́ tó borí nínú líìgì họ́kì NHL ti Àríwá Amẹ́ríkà máa ń gbà, lọ́dún kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1991 àti 1992 ló gbà á gẹ́gẹ́ bí eléré. Oṣù kìíní ọdún 1993 ni wọ́n tó rí jẹjẹrẹ Hodgkin lára rẹ̀.

Ẹ̀yìn ló ń dà á láàmú nígbà ife àkọ́kọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lóṣù keje ọdún 1990, àkóràn wọ ibẹ̀, kò sì lè kópa nínú eré 50 àkọ́kọ́ ní sáà náà. Lọ́dún 1992, ọwọ́ rẹ̀ kán nípele kejì ìdíje aláyọkúrò fún ife náà, síbẹ̀ wọ́n gba ife.

Ní ti 1993, ó gba ìtọ́jú onítànṣán tó kẹ́yìn ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ó gbá góòlù kan wọlé ní Philadelphia. Ìgboyà ńlá nìyẹn! Eré 60 péré nínú 84 ló kópa, síbẹ̀ góòlù àti ìrànwọ́ rẹ̀ jẹ́ 160. Pat LaFontaine tó tẹ̀lé e ní 148. Àmì-ẹ̀yẹ Art Ross, ti eléré tí góòlù àti ìrànwọ́ rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní sáà, ló gbà fún èyí, ẹ̀bùn ẹnì kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ife ẹgbẹ́. New York Islanders já Penguins kúrò nípele kejì ìdíje fún ife Stanley lọ́dún náà, Montreal Canadiens ló sì gbé ife lọ.